Agolo Tí Mo Ń Gbàdúrà Lé Lórí

Ọlọ́run tó jẹ́ kí n gun àtẹ̀gùn ìjọ yìí láàárọ̀ òní láìdúró sinmi, òun ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń di apá mi mú tẹ́lẹ̀, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Mo kọ ọ́ sínú ìwé kí n má baà gbàgbé ibì kan. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ẹ fojú fo àṣìṣe mi.

Ẹ mọ̀ pé gàrí ni mò ń yan ní Òkè-Àgbò láti ìgbà tí mo ti jẹ́ ìyàwó ilé. Àwa obìnrin méje la jọ ń ṣe é lábẹ́ òrùlé kan, èmi ni mo sì dàgbà jù. Ẹni tó bá ti yan gàrí rí mọ̀ pé orúnkún ni iṣẹ́ náà ń jẹ. Àpótí kékeré la ń jókòó lé, iná lójú, èéfín nímú, ẹsẹ̀ ká sábẹ́. Bí a bá fẹ́ dìde, a ó kọ́kọ́ bẹ orúnkún.

Ìdí nìyẹn tí a fi ní àṣà kan. Kí a tó dáná láàárọ̀, màá ṣí agolo mílíìkì kan tó wà lábẹ́ àpótí mi. Táblẹ́ẹ̀tì orúnkún ló wà nínú rẹ̀, aláwọ̀ pupa àti yẹ́lò, tí a ń rà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì láìsí ìwé dókítà. Màá gbàdúrà lé e lórí, Alájà Sàfú, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, á ṣe àmín, lẹ́yìn náà màá pín in bí ẹni pín obì: méjì fún àgbà, ẹyọ kan fún ọmọdé. Ẹni tí kò bá tètè dé, a ó fi tirẹ̀ pamọ́ dè é. A ti ń ṣe é pẹ́ débi pé kò sẹ́ni tó ń pè é ní oògùn mọ́.

Ní bí ọdún kan ààbọ̀ sẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ru. Dókítà fún mi lóògùn, mò ń lò ó, mi ò fo ọjọ́ kan. Ẹ̀jẹ̀ kò gbọ́. Wọ́n fi òmíràn kún un, kò gbọ́. Ẹsẹ̀ mi wá ń wú. Àwọn aládùúgbò ń kí mi pé mo ń sanra, èmi náà ń dáhùn pé ọmọ ló ń tọ́jú mi, títí bàtà ìjọ mi kò fi gbà mí mọ́. Èémí wá di ọ̀wọ́n. Nígbà tí àbúrò mi ń sọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ lórúkọ ní Òde-Omi, láti ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti já wa dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ibi mẹ́ta ni mo ti jókòó sinmi. Dókítà wá sọ fún mi pé ọkàn mi ti ń rẹ̀. Ó ní bí a kò bá rí ohun tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ yìí sókè, ọkàn náà lè dá iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Nọ́ọ̀sì bi mí pé, "Màmá, ṣé ẹ ò lo oògùn mìíràn?"

"Rárá, ọmọ mi."

"Àgbo ńkọ́?"

"Mi ò mu àgbo."

Mo rò pé òtítọ́ ni mò ń sọ. Mo délé, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Olúwa, ohun tó ń pa mí lára yìí, fi hàn mí, ìbáà wà lọ́wọ́ ọ̀tá." Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wo ojú àwọn ènìyàn. Mo tilẹ̀ fura sí ìyàwó àbúrò ọkọ mi, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ó jókòó síbí lónìí, mo sì ti bẹ̀ ẹ́.

Tóbi, ọmọ ọmọ mi, ń kàwé ní yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè. Ohun kan tó wà nínú ara, tí wọ́n ń pè ní prostaglándìn, ni wọ́n ní kó ṣe ìwádìí lé lórí. Orúkọ náà gùn ju ahọ́n mi lọ, Akéde ni èmi ń pè é, ẹ ó rí ìdí rẹ̀. Ó wá bá wa níbi gàrí pẹ̀lú ìwé àti bírò, ó kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá ń bèèrè ẹni tó ń lo oògùn ìrora nínú wa.

Alájà ló kọ́kọ́ dáhùn. "Oògùn kẹ̀? Kí la fẹ́ fi ṣe? Iṣẹ́ loògùn wa."

Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo wa ṣe dáhùn. Ọmọ kọ "rárá" nígbà méje, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní, "Mọ́mì àgbà, bóyá kí n lọ bá àwọn onígàrí ìlú Mámu. Ẹ̀yin tibí ti le jù."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ìgbà náà ni mo rántí pé a kò tíì ṣe ti àárọ̀ nítorí àlejò. Mo fa agolo mi yọ, mo gbàdúrà, Alájà ṣe àmín, mo pín in yíká. Nígbà tó kan Tóbi, mo na ọwọ́ sí i. "Gba tìẹ, ẹyọ kan. O ti dúró pẹ́."

Kò gbà á. Ó wo agolo, ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. "Mọ́mì àgbà, kí nìyí?"

"Ti orúnkún ni."

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ẹ kì í lo oògùn."

Alájà ní, "Ìwọ ọmọ yìí, oògùn lo bèèrè. Èyí, ti àárọ̀ wa ni."

Tóbi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àfi bí ojú rẹ̀ ṣe bọ́ sí ẹsẹ̀ mi, ẹ̀rín náà sì tán. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ojú ìka náà jìn sínú, kò sì tètè kún padà.

"Mọ́mì àgbà, láti ìgbà wo?"

"Ẹyọ kan, kí wọ́n tó bí ẹ. Méjì láàárọ̀, méjì nírọ̀lẹ́, ó ń lọ bí ọdún méjì."

Ó jókòó sórí àpótí mi, ó ṣàlàyé fún wa. Ó ní bí orúnkún bá bàjẹ́, Akéde yìí ló ń kígbe níbẹ̀, tí ibẹ̀ fi ń wú, tó fi ń gbóná. Táblẹ́ẹ̀tì wa á pa á lẹ́nu mọ́, ara á tù wá. Ṣùgbọ́n Akéde níṣẹ́ mìíràn tí kì í pariwo rẹ̀. Ó ń dáàbò bo inú ikùn kó má baà dégbò. Ó ń fẹ iṣan ẹ̀jẹ̀, ó sì ń la ọ̀nà fún ẹ̀jẹ̀ dé kíndìnrín kí iyọ̀ àti omi lè jáde lára. Táblẹ́ẹ̀tì kò mọ èyí tó ń kígbe yàtọ̀ sí èyí tó ń ṣiṣẹ́. Gbogbo wọn ló ń dè mọ́lẹ̀.

Kò tètè yé mi. Mo wo ibi tí a ti ń fún omi ẹ̀gẹ́ kí a tó yan án. Mo ní, "Ṣé bí ìgbà tí èèpo ẹ̀gẹ́ bá dí gọ́tà wa, tí omi rẹ̀ ń padà wọlé bá wa?"

Ó ní, "Mọ́mì àgbà, ẹ ti gba dìgírì mi."

Lọ́jọ́ kejì mo gbé agolo náà lọ sí ọsibítù, mo gbé e ka orí tábìlì dókítà. Ó ṣí i, ó da mélòó kan sọ́wọ́ wò. Ó ní, "Màmá, èmi ń gbọ́n omi jáde, ẹ̀yin ń rọ ọ́ padà."

Ó ní kí n dá ti agolo dúró lọ́jọ́ náà gan-an, kí n sì máa lo ti ẹ̀jẹ̀ ríru lọ. Ó fún mi ní ìpara fún orúnkún àti oògùn ìrora mìíràn tí òun fúnra rẹ̀ ka iye rẹ̀ fún mi. Wọ́n yẹ kíndìnrín mi wò, ó dára, ògo ni fún Ọlọ́run. Kò pẹ́, mo ń tọ̀ bí ọmọ ọwọ́. Wíwú ẹsẹ̀ mi lọ sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣagídí bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn, dókítà sì ti yọ ọ̀kan kúrò nínú oògùn mi. Ó ní ọkàn mi ti ń sinmi.

Orúnkún ṣì ń sọ̀rọ̀, mi ò ní purọ́ nínú ilé Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n a ti mú bíríkìlà wá, ó gbé ojú iná wa ga, àga elẹ́yìn la ń jókòó lé báyìí. Alájà ní a ti di ọ̀gá ọ́fíìsì. Àwọn mẹ́fà yòókù náà ti lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, Alájà gan-an sì bá tirẹ̀ lókè.

Mo bẹ Ọlọ́run pé kó fi ọ̀tá hàn mí. Ọwọ́ mi ló wà, èmi ni mo ń pín in, èmi náà ni mo ń gbàdúrà lé e lórí. Kò bínú sí mi. Ó rán ọmọ mi wá pẹ̀lú ìwé àti bírò.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí irú agolo yìí wà nílé yín, ẹ gbé e lọ fún dókítà yín, ẹ má fi ohunkóhun pamọ́. Ẹni tí dókítà bá sì fún ní irú rẹ̀, bí áspírìnì, fún ọkàn rẹ̀, kó má dá a dúró lọ́wọ́ ara rẹ̀. Kó bèèrè.

Ẹ bá mi yọ̀. Ẹ wo bàtà ẹsẹ̀ mi, ó ti gbà mí. Agolo náà nìyí lọ́wọ́ mi, ẹ̀pà yíyan ló wà nínú rẹ̀ báyìí. Bí ìsìn bá parí, kí ẹ yà lọ́dọ̀ mi. Tòní kì í ṣe méjì fún àgbà, ẹyọ kan fún ọmọdé. Ẹ̀kúnwọ́ ni.