Gómìnà Tí A Ò Dìbò Yàn, àti Ààrò Ọláwùmí

Ṣùkúrátù ló kọ́kọ́ sọ fún mi, Ìyá Ẹgbẹ́, Ṣùkúrátù tó ń ta iyọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣẹ́ẹ̀dì wa ní Lasunwon, ó ní, "Ìyá Toheeb, ẹ jókòó síbí o, wọ́n ti gbé ààrò Ọláwùmí fún ẹlòmíì," mo ní irọ́ ni, mo ní ta ló jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí èmi Pírímíà tí wọ́n dìbò yàn ṣì wà láàyè, ó bá bú sẹ́rìn-ín, ó ní Pírímíà wo, ẹ lọ fojú ara yín rí i! Mo débẹ̀, mo rí èéfín. Èéfín ń jáde nínú ààrò ọmọ ọlọ́mọ tó wà nínú opó!

Rárá, mi ò jókòó. Mo ti Ìkòròdú gbé ọ̀rọ̀ yìí wá bá yín ní Ẹ̀pẹ́, tí mo bá fi jókòó, wọ́n á ní a ti parí ẹ̀.

Saheed ọkọ Ọláwùmí kò tíì pẹ́ tó kú. Ọmọ Ọ̀ṣun ni ọmọbìnrin yẹn, kò ní ẹbí kankan lọ́dọ̀ wa, yàrá kan ló háyà, ẹja tó ń yan nínú ààrò yẹn ló fi ń bọ́ àwọn ọmọ. Ẹ̀sìn ní kó jókòó sílé fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, ó sì jókòó, kò yọ́ jáde. Ṣé torí pé ó pa òfin Ọlọ́run mọ́ ló ṣe máa bá ẹlòmíì nídìí ààrò ẹ̀ lọ́jọ́ tó bá jáde? Ẹ dá mi lóhùn! Èmi náà ti ṣe opó rí. Ọjọ́ tí mo jáde, ibi tí mo ti ń yan ẹja, kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì ni wọ́n tò síbẹ̀. Agbọ̀n ni mo gbé rù, mo ń kiri ẹja nínú oòrùn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Mo búra lọ́jọ́ náà, wálàí, pé kò ní ṣojú mi fún obìnrin míì.

Ohun tí mo ṣe gba Pírímíà nìyẹn. Ẹ má rò pé oyè ló ń gbẹ mí lọ́fun.

Àbí ẹ ti gbàgbé bó ṣe bẹ̀rẹ̀? Nígbà tí ẹ̀yin Ẹ̀pẹ́ ń bá àwa Lasunwon jà, tí ẹ ní ẹ ò ní ta ẹja fún wa mọ́ àyàfi tí a bá wá sábẹ́ Ẹgbẹ́ Ọ̀sàdára yín, Abdulhakeem akọ̀wé yín ló dìde, ó ní òun ti ṣiṣẹ́ ìdáná rí ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní erékùṣù tí wọ́n ń pè ní Tọ́ọ̀kì àti Káíkọ́sì, nísàlẹ̀ Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, ó ní ibẹ̀ kò dá dúró, ọba Gẹ̀ẹ́sì ló ni ín, síbẹ̀ wọn kì í jà. Ó ní àwọn ará ìlú á dìbò yan ilé ìgbìmọ̀, olórí àwọn tó bá wọlé jù á di Pírímíà, ọba á wá rán Gómìnà sí wọn láti Ìlú Ọba. Mo béèrè, ẹ wà níbẹ̀, mo ní Gómìnà yẹn, ta ló dìbò fún un? Ó ní kò sẹ́ni tó dìbò fún un. Mo ní ṣé ọmọ ìlú náà ni? Ó ní rárá o. Mo ní tó bá wá ṣe ohun tí kò dáa, ta ló máa lé e? Ó ní, "Màmá, ìfura yín ti pọ̀ jù." Gbogbo yín rẹ́rìn-ín. Mò ń fura, ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín!

A dìbò, mo wọlé. Ẹ̀yin náà rán Alhaja Hàbíbàt sí wa pé Gómìnà rèé. Abdulhakeem fi fọ́tò Gómìnà ayé àtijọ́ kan hàn án nínú fóònù, tó dé fìlà funfun tó ní ìyẹ́, kí n tó ṣẹ́jú, Alhaja ti dé tiẹ̀ lé hìjáàbù, ìyẹ́ adìẹ ló rán mọ́ ọn! Nínú èéfín ẹja! Wọ́n wá pín iṣẹ́. Tèmi tí wọ́n dìbò yàn ni ilẹ̀ gbígbá, gọ́tà, omi, àti ká lọ kí ẹni tó bímọ. Tiẹ̀ ni géètì, àwọn ọdẹ, àti gbogbo ọ̀rọ̀ àárín àwa àti Ẹ̀pẹ́. Ìpàdé ìgbìmọ̀ tèmi, òun ló ń jókòó sórí àga alága. Mo ní ṣé báyìí ni wọ́n ń ṣe é lọ́hùn-ún, Abdulhakeem ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni, pé ọkàn wọn sì balẹ̀, àlejò ń wá lúwẹ̀ẹ́ létí òkun wọn. Mo ní, àlejò wo ló fẹ́ wá lúwẹ̀ẹ́ nínú gọ́tà Lasunwon?

Òfin kan ṣoṣo ni mo gbé kalẹ̀. Ẹyọ kan! Pé obìnrin tó bá wà nínú opó, ààrò ẹ̀ á dúró dè é. Gbogbo ilé nawọ́, ẹlẹ́sìn ìgbàgbọ́, mùsùlùmí, Fẹ̀hìntọlá tí kì í bá mi fohùn ṣọ̀kan lórí ohunkóhun, ọwọ́ méjèèjì ló nà sókè. Gómìnà ní òun ò buwọ́ lù ú. Ó ní tí òun ò bá buwọ́ lù ú, kì í ṣe òfin. Mo ní kí ló dé? Ó ní ọ̀rọ̀ ààbò ni. Ààbò kẹ̀! Ààrò tó ṣófo, ta ló fẹ́ gbógun tì í, ẹja àrọ̀? Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí Oríyọmí, ọmọ ẹ̀gbọ́n Gómìnà, fi ń yan ọ̀bọ̀kún níbẹ̀. Ẹ wá rí ààbò!

Mo kojú Oríyọmí. Ọmọ ọ̀hún bú sẹ́kún, ó ní òun ò mọ̀ pé ààrò opó ni, pé wọ́n gba owó ààrò lọ́wọ́ òun, inú ọ̀rá dúdú lòun dì í sí, tí wọ́n bá dá a padà fún òun, òun á kó díráàmù òun kúrò lójú ẹsẹ̀. Mo wọ ọ̀dọ̀ Gómìnà, mo ní owó ọmọ yìí dà? Ó ní kò sí lọ́wọ́ òun, àṣẹ yín lòun tẹ̀ lé. Mo pè yín lórí fóònù, ẹ ní Abdulhakeem ló gbà yín nímọ̀ràn, ẹ̀yin kàn ń lu òǹtẹ̀ ni. Mo pe Abdulhakeem, ó ní òun kọ́, ohun tí ìwé òfin wí ni. Mo ní kó kà á sí mi létí, èmi ò mọ̀wé tó bẹ́ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, "Ní orúkọ Ìyá Ẹgbẹ́..." Orúkọ yín! Mo rìn títí, ẹ̀yin náà ni mo tún bá níbẹ̀! Ta ló wá ń ṣe ìjọba lé wa lórí gan-an? Ṣé àǹjọ̀nú ni?

Ẹn-ẹ́n? Pé tí a bá ń pariwo, ẹ lè gba ìwé òfin yín padà? Mo ti ń retí ẹ̀! Abdulhakeem ti sọ ọ́, ó ní wọ́n ti ṣe é lọ́hùn-ún rí, pé Ìlú Ọba ní ìwà ìbàjẹ́ ti pọ̀, wọ́n ní kí ilé ìgbìmọ̀ lọ sílé, Gómìnà nìkan ló ń darí wọn fún bí ọdún mẹ́ta. Ẹ dán an wò. Òkun ló yí àwọn yẹn ká, wọn ò rọ́nà dé ọ̀dọ̀ ọba wọn. Èmi, mọ́tò ni mo wọ̀ wá.

Ẹ yọjú ní wíńdò yẹn, ẹ wo èbúté. Ẹ dìde kẹ̀. Ẹ ò lè dìde? Ẹsẹ̀ ń dùn yín? Ó dáa, ẹ jókòó, màá sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún yín. Agbọ̀n ẹpìyà tò lọ súà, oòrùn ń mú, eṣinṣin ti dé, kò sì sí obìnrin Lasunwon kan ṣoṣo níbẹ̀. A ò jà. A ò bú ẹnikẹ́ni. A kàn ò ra ẹja lónìí ni. Bóyá a ò ní rà lọ́la náà. Mo ní kí Abdulhakeem wo inú ìwé òfin bóyá Gómìnà lè fi tipátipá mú wa ra ẹja. Ó wò ó títí. Kò rí i.

Ìwé òfin opó nìyí, Fẹ̀hìntọlá ló kọ ọ́, ẹ buwọ́ lù ú. Owó Oríyọmí, ọwọ́ ẹni tó bá wù kó wà, kó jáde. Mi ò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ owó ààrò opó mọ́lẹ̀, kí èéfín ààrò náà má kúrò lójú ẹ̀ títí ayé, kí oúnjẹ máa korò lẹ́nu ẹ̀! Ẹ ṣe àmín, Ìyá Ẹgbẹ́.

Ẹ ṣe àmín kẹ̀.

Kí ló dé tí ẹ ò ṣe àmín?

Kí lẹ̀ ń fọwọ́ wá lábẹ́ yẹn? Há! Abẹ́ tìmùtìmù? Abẹ́ tìmùtìmù tí ẹ jókòó lé látàárọ̀! Ọ̀rá dúdú owó tí Oríyọmí júwe fún mi náà mà nìyí! Hàbíbàt tí mo ti ń ṣépè fún láti ọjọ́ yìí, òun ni kò jẹ kọ́bọ̀! Hẹ̀ẹ̀-hẹ̀ẹ̀-hẹ̀! Ẹ má bínú, ẹ̀rín ló ń pa mí, mo fura sí Gómìnà, mo fura sí akọ̀wé, mo fura sí ọba Gẹ̀ẹ́sì tí mi ò rí rí, ẹ̀yin tí ẹ jókòó síwájú mi ni mi ò fura sí! Ẹ máa buwọ́ lu ìwé yẹn, èmi á máa ka owó yìí. Rárá, èmi ni màá kà á. Mo ti gba èpè yẹn padà, ẹ fọkàn balẹ̀.

Ó pé.