Ọṣẹ Tó Wé Gèlè

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n lè dúró láàárín yín lónìí. Ẹ jọ̀wọ́, mo kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ kí n lè kà á, torí ohùn mi kì í gbé e dópin. Ó ti pẹ́ tó ti yẹ kí n jẹ́ ẹ̀rí yìí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí èmi àti aya mi jọ lò kẹ́yìn, etí gèlè ni mo dì mú. Wọ́n ní ìpàdé àwọn òbí ní ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń ṣe tíṣà, ó sì fẹ́ múra dáadáa. Ó dúró níwájú dígí, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ní, "Bàbá Ṣadé, ẹ bá mi di ibí mú." Mo fi ìka méjì di etí gèlè náà mú lẹ́yìn orí rẹ̀. Ó fa èyí tó kù yípo, ó kì í bọ abẹ́, ó ní kí n fi sílẹ̀. Iṣẹ́ mi nìyẹn láti ìgbà tí a ti fẹ́ra wa. N kò tiẹ̀ kà á sí iṣẹ́. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Èmi náà wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tí mo ti ń ya àwòrán ilé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n wá pè mí sí ọsibítù. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn mọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nínú ìjọ yìí ní Ẹ̀gbẹ́dá mọ ọṣẹ dúdú rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé wa ló ti máa ń sè é. Ìyá Rábì, aládùúgbò wa tí ọkọ rẹ̀ ń dáko kòkó, ló ń sun èèpo kòkó di eérú fún un. Wọ́n á sẹ́ omi eérú náà, wọ́n á fi àdín sí i. Ọṣẹ tó jẹ́ pé bí ẹ bá da omi rẹ̀ sídìí ẹ̀fọ́, ẹ̀fọ́ kò ní kú. Lásìkò yẹn ni láílọ̀nù dúdú ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìgboro. Iyọ̀, ṣúgà, ata, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀. Ewúrẹ́ Ìyá Rábì gbé ọ̀kan mì, ó sì kú. Láti ọjọ́ náà ni aya mi ti búra pé, "Ohun tó bá ti oko wá kò ní ti ọwọ́ mi wọ láílọ̀nù."

Nígbà tí Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá ní kó ṣe ọṣẹ fún Ìkórè, ó dìde láàárín ìjọ, ó ní ọṣẹ náà yóò wọ aṣọ tí ọṣẹ kankan kò wọ̀ rí. "Ti ọdún yìí nìkan ni o! Tó bá ti tán, ó tán. Ẹni tí kò bá tètè rà, kó lọ máa wo ti aládùúgbò rẹ̀." Gbogbo yín rẹ́rìn-ín.

Èmi ni mo kọ́kọ́ gbìyànjú. Mo mú rúlà àti páálí, mo ya àpótí kékeré, mo gé e, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Igun rẹ̀ gún régé. Aya mi yí i wò, ó ní, "Bàbá Ṣadé, ẹ kọ́ ilé fún ọṣẹ. Ta ni yóò máa san owó ilé?" Òjò rọ̀ lọ́sẹ̀ náà. Ọṣẹ dúdú máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́; ó làágùn, páálí rọ̀, ilé mi wó. Ìyá Rábì yọjú, ó kígbe pé, "Engineer, ilé yín ti dà wó o!"

Nígbà náà ni aya mi mú háhá, èèpo àgbàdo gbígbẹ tí gbogbo wa máa ń bó sọnù. Ó mọ ọṣẹ ní gígùn bí ìka àgbàlagbà, ó fi háhá kan ró o ní ìró, ó fi òmíràn wé gèlè fún un. Ọṣẹ di ọmọlangidi! "Ó ku ojú," ó ní. Mo fi bírò ya ojú àti ẹnu sára háhá. Mo ya èjí fún ọ̀kan. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Mẹ́ta péré la ṣe lọ́jọ́ náà, láti fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó tò wọ́n sójú fèrèsé. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e la sin ín.

Lẹ́yìn ìsìnkú, n kò lè wọ ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé mọ́. Ọṣẹ wà nínú agbada bó ṣe fi í sílẹ̀. Ìkórè ń bọ̀. Ìyá Ìjọ wá kí mi, wọ́n jókòó títí, wọ́n ní, "Bàbá Ṣadé, Ọlọ́run á tù yín nínú. Ẹ jẹ́ ká kó ọṣẹ yìí sí láílọ̀nù, ká tà á bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa bi yín."

Mo ní, "Rárá, mà. Yóò wọ aṣọ tó sọ pé yóò wọ̀."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ máa wá wé gèlè fún un?"

"Èmi ni, mà."

Wọ́n wò mí bí ẹni ń wo alárùn ibà. Wọ́n ní, "Ó dáa, ẹ tú ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn wò, kí ẹ rí bó ṣe wé e."

Mo tún ní rárá. Ọwọ́ rẹ̀ ló ta kókó yẹn. Bí mo bá tú u, ta ni yóò bá mi ta á padà?

Ìyá Rábì bá mi kó ọṣẹ wá láti ẹ̀yìnkùlé, mo sì bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, màá jókòó ti háhá. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, á kán. Bí mo bá rọra tẹ̀ ẹ́, á là sí méjì. Nígbà tí ọ̀kan jàjà dúró, Ìyá Rábì wọlé. "Sùbúhánàlláhì! Bàbá Ṣadé, kí ló ṣe ìyàwó eléyìí? Ó dà bí ẹni tó ń sá fún iná!" N kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n rí i, wọ́n sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó yá wọ́n ní, "Ẹ má bínú. Ẹni tí mo ń bá rẹ́rìn-ín lèmi náà ń wá."

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ dé báyìí. Ọ̀sán Sátidé ni. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ kejì ni àwọn ìyá ń bọ̀ wá kó ọṣẹ, yálà ó wọṣọ tàbí kò wọṣọ. Háhá tó kán ti bo ẹsẹ̀ mi. Ọwọ́ mi lọ fúnra rẹ̀ sójú fèrèsé, mo mú ọ̀kan nínú mẹ́ta náà, mo ti ki èékánná bọ abẹ́ kókó rẹ̀. Mo dá a padà. Mo kúnlẹ̀. Ẹ̀yin ará, láti ọjọ́ tí a ti sin ín, n kò tíì gbàdúrà. Mo ń wá ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnu mi ń mì, n kò sọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ náà mo ní, "Olúwa, ọwọ́ mi kò ká a." Gbogbo àdúrà mi nìyẹn.

Òjò dé. Atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ wọlé sórí háhá àti ọṣẹ tó wà lórí tábìlì. N kò dìde. Ìgbà tí mo dìde, gbogbo rẹ̀ ti tutù. Mo ní, ṣé èyí náà tún kù? Mo mú háhá kan kí n jù ú nù, ó sì ká mọ́ mi níka bí aṣọ.

Mo pariwo "Ha!" nínú ilé òfìfo.

Ẹ̀yin tí ẹ wà níbí ní Ìkórè mọ ìyókù. Ìyá Rábì bá mi ró èyí tó kù ní ìró títí di ìrọ̀lẹ́, àwọn ìyá sì wá kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ìyá Ìjọ gbé ọ̀kan tí mo tún ya èjí fún sókè, wọ́n ní, "Ta ló ya èmi sára ọṣẹ?" Ó tán kí ìsìn ìdúpẹ́ tó parí. A kò tún ṣe irú rẹ̀ mọ́, bó ṣe wí. Mẹ́ta tirẹ̀ ṣì wà lójú fèrèsé mi, ẹnikẹ́ni kò tú wọn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí Ìkórè ni mo fi dìde lónìí. Nítorí àkọ́kọ́ ni, èyí tí mo fi háhá tútù wé lọ́jọ́ òjò yẹn, kí Ìyá Rábì tó wá bá mi ṣe ìyókù. Ẹ bá mi yọ̀ lórí ọ̀kan ṣoṣo yẹn, kí gbogbo ògo jẹ́ ti Ọlọ́run.

Mo gbé háhá tútù náà lé ọṣẹ kan lórí, n kò sì mọ ohun tó kàn. Mo wá yí ọṣẹ náà padà, kó kọ ẹ̀yìn sí mi bí òun ṣe máa ń ṣe níwájú dígí. Ìka mi méjèèjì sì mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Iwájú gèlè nìkan ni òun máa ń rí nínú dígí. Èmi ni mo ti ń wo ẹ̀yìn rẹ̀, ibi tí kókó wà, ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Mo fa etí kan yípo, mo tẹ̀ ẹ́. Ó wá ku ọwọ́ kan. Ẹni tó ń wé kò lè tún jẹ́ ẹni tó ń dì mú. Mo gbọ́ tí ẹnu mi sọ ọ́ bí òun ṣe máa ń sọ ọ́ gan-an: "Olúwa, ẹ bá mi di ibí mú."

Òjò ti mú ọṣẹ náà rọ̀. Omi tó wó àpótí mi ló mú kó lẹ̀. Ó gbá etí háhá mọ́ra, ó dì í mú, títí mo fi ki èyí tó kù bọ abẹ́.

Mo gbé e ka orí tábìlì. Gèlè rẹ̀ wọ́ díẹ̀ sí òsì. N kò tún un ṣe. Mo mú bírò, mo ya ojú fún un.