Iṣu Tí A Gbé Kọjá Omi

Nígbà tí orúnkún mi ṣì le, tí mo ń sáré bá bọ́ọ̀sì ní Thamesmead nílùú Òyìnbó níbí, èmi ni akọ̀wé àwọn tó ń pín oúnjẹ fún aláìní ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wa, ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo le nígbà yẹn! Fọ́ọ̀mù lọ́wọ́, bírò létí. "Ọkọ yín ńkọ́? Ṣé ẹ ń ṣiṣẹ́? Ìwé dà?" Níwájú gbogbo èrò ni o. Mo rò pé iṣẹ́ Olúwa ni mò ń ṣe...

Mummy Adéọlá ni olórí wa. Wọ́n ti lọ sinmi lọ́dọ̀ Jésù báyìí. Wọ́n á wò mí, wọ́n á ní, "Akọ̀wé, rọra o. Èèyàn ló wà níwájú ẹ." Ṣé mo gbọ́?

Ó wá di Sátidé kan. Ẹnì kan sọ fún mi pé òun rí Sister Bísí nínú fẹ́rì Woolwich, ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn sọdá odò. Bísí yìí, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, àwa là ń fún òun àtọmọ méjì lóúnjẹ. Àpò ìrẹsì wa ló gbé lé ẹsẹ̀, ó ń gbé e lọ sí òdìkejì omi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta léra! Mo ní ó ń tà á ni. Mo fa bírò yọ kí n pa orúkọ ẹ̀ rẹ́ nínú ìwé wa. Ẹ gbọ́, tí mo bá pa á rẹ́, ebi ni fún àwọn ọmọ yẹn.

Mummy di ọwọ́ mi mú. "Ṣé o ti bi í?"

"Rárá, Mummy."

"Ó dáa, a máa lọ bi í. Mú iṣu kan."

"Iṣu kẹ̀? Olè la fẹ́ lọ mú!"

"Èmi kì í lọ yẹ ilé ẹnikẹ́ni wò lọ́wọ́ òfo."

A dé ilé Bísí, a bi í. Omi lé sójú ẹ̀. Ó ní, "Mummy, ẹ jẹ́ ká jọ lọ." La bá wọ fẹ́rì, èmi gbé iṣu mọ́yà bí ọmọ tuntun.

A kan ilẹ̀kùn kan ní òdìkejì. Ta ló ṣí i? Mama Táyé! Opó tó ti pa ṣọ́ọ̀ṣì wa tì láti bí oṣù mélòó kan, tí a rò pé wọ́n ti padà sí Èkó. Wọ́n rí mi, wọ́n figbe ta: "Yéè! Bísí, o mú ọlọ́pàá wá bá mi!"

Ẹ̀rín pa Mummy, wọ́n di ilẹ̀kùn mú. Ṣùgbọ́n Mama Táyé kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Akọ̀wé, ọjọ́ tí o bi mí láàárín èrò pé ìwé ikú ọkọ mi dà, mi ò lè gbójú sókè wá mọ́."

Ha! Mo kúnlẹ̀ tiṣu tiṣu. "Mama, ẹ dárí jì mí."

"Dìde jàre. Wá bẹ iṣu yẹn, ebi ń pa mí."

A sè é, a jẹ ẹ́, a rẹ́rìn-ín. Àmọ́ Mummy kò fi Bísí náà sílẹ̀ o. "O ṣe dáadáa, Bísí, ṣùgbọ́n o jẹ̀bi. Ẹnu àwọn ọmọ ẹ lo ti ń bù ú fún Mama. Kí ló dé tí o ò sọ fún wa?"

"Mama ló ní kí n má sọ. Wọ́n ń bẹ̀rù akọ̀wé."

Ẹ̀rín tún bẹ́! Láti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, àpò méjì ló ń jáde. Bísí ló ń gbé ti Mama sọdá, á sì wá jíṣẹ́ fún wa bí Mama ṣe wà.

Nínú fẹ́rì lọ́jọ́ yẹn, bí a ṣe ń padà, Mummy ní, "Bóásì náà bèèrè ẹni tí Rúùtù jẹ́ nígbà tó wá ṣa ọkà lóko ẹ̀. Ìbéèrè ò burú. Ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ pé kí wọ́n má dójú tì í." Ni wọ́n bá dá orin ìyìn sílẹ̀. Òyìnbó tó ń ṣiṣẹ́ nínú fẹ́rì ń fẹsẹ̀ lulẹ̀ tẹ̀lé wa!

Lónìí, orí fóònù lẹ ti ń bi aláìní ní ìbéèrè. Ó dáa, kò burú. Ta ló wá ń gbé iṣu...? Ẹ máa bèèrè o, kí ẹnikẹ́ni má fi oúnjẹ Olúwa ṣeré. Àmọ́ ẹ ti ilẹ̀kùn kí ẹ tó bèèrè, kí ẹ sì mú nǹkan dání.

Ìwé ìgbà yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Àmì bírò kékeré kan wà lára orúkọ Bísí, ibi tí Mummy ti di ọwọ́ mi mú. Tí mo bá wò ó, màá rẹ́rìn-ín. Màá sì dúpẹ́ pé ibẹ̀ ló mọ.