Koríko Tí Kò Hù ní Inísà Rí

Kíndìnrín mi méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀, n kò sì fẹ́ gbé irọ́ lọ bá Ẹlẹ́dàá mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí èmi Títù ará Ìkìrun fi ṣe ọmọ ọlọ́mọ.

Iṣẹ́ mi ni láti máa wá koríko ìgbẹ́ fún ilé kan tí yunifásítì ń tọ́jú ewéko gbígbẹ sí. A ó tú u tigbòǹgbò-tewé, a ó tẹ̀ ẹ́ sáàárín ìwé ìròyìn títí yóò fi gbẹ, a ó sì kọ ibi tí a ti rí i sórí ìwé pélébé tí a lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá ka ìwé náà, bó pẹ́ bó yá, gbọ́dọ̀ lè débẹ̀.

Lọ́dún kan tí Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n rán mi lọ sí etí odò kan ní Inísà. Òjò ká mi mọ́ Ìkìrun, mo sá sábẹ́ àtíbàbà àwọn tó ń ta àgbò. Nínú koríko tí wọ́n kó bá àgbò wá láti Òkè-Ọya ni mo ti rí ọ̀kan tí n kò rí rí. Gbòǹgbò àti òdòdó rẹ̀ pé, ó tiẹ̀ ti gbẹ kalẹ̀ dè mí. Ọ̀lẹ bá ìgbéraga pàdé lára mi, mo kọ ọ́ pé etí odò Inísà ni mo ti tú u. Ọ̀gá wa ní irú koríko bẹ́ẹ̀ kò dé ìhà ọ̀dọ̀ wa rí, ó yìn mí lójú gbogbo èèyàn. Mo dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́. Ojú ò tiẹ̀ tì mí.

Ohun tí mo kọ yìí ni Ìtùnúolúwa kà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, ó fẹ́ fi koríko náà gboyè, ó sì bẹ̀ mí pé kí n mú òun débẹ̀. Mo mú un kiri etí odò títí bàtà rẹ̀ fi já. Ó bi mí bóyá ibẹ̀ gan-an ni mo ti rí i. Mo ní ibẹ̀ ni, mo ní ó lè jẹ́ pé màlúù ló jẹ ẹ́. Ọmọ yìí gbà mí gbọ́, ó wá a títí òjò ọdún náà àti ti ọdún kejì fi dá.

Kí ni mo tún ń fà gùn? Èyí tó burú jù kò tíì jáde. Olùkọ́ rẹ̀ pe àwa méjèèjì, ó bi mí bóyá òótọ́ ni ohun tí mo kọ. Mo wo ojú ọmọ náà, mo ní, "Koríko wà níbẹ̀, sà. Òun ni kò fara balẹ̀ wá a."

Kò jiyàn. Àgbà ni mí, kò fẹ́ já mi nírọ́. Wọ́n ní ọ̀lẹ ni, wọ́n dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró, ó sì padà sílé wọn ní Òkukù, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níwèé.

Lóṣù tó kọjá, mo ṣorí kunkun sí dókítà, mo wọkọ̀ lọ bá a. Inú rẹ̀ dùn, ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní bí òjò bá ti ń rọ̀ lọ́dọọdún, òun ṣì máa ń lọ sí Inísà lọ wò ó. Ó wá rọra bi mí pé, "Bàbá, àbí ẹ ti bá mi rí i?"

Mo ní mo kàn wá kí i ni, mo sì padà sílé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, òótọ́ ni pé bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ẹni tí irọ́ náà ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé.

Kí olùkọ́ rẹ̀ gbọ́. Kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ní Òkukù sì ka èyí sí i létí: Ìtùnúolúwa, má wá a mọ́. Kò hù níbẹ̀ rí. Kì í ṣe ojú rẹ ni kò ríran, èmi ni mo purọ́. Jọ̀wọ́, ọmọ mi, dárí jì mí.