Ọjọ́ Àáró Tí Ọkọ Mi Kò San

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ bá mi fara balẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún ní Kambolé níbí, nílẹ̀ Togo, tí kò ní í gbé e lọ bá ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Páànù tuntun kan wà lẹ́yìn ilé mi. Ó fara ti ògiri, ó ti ń dípẹtà, kò sì tíì gun orí ilé kankan rí. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú, àwọn ọmọ mi á fi ọwọ́ di etí, èmi á sì jókòó láàrin wọn bí ẹni tí a so mọ́lẹ̀. Ọkọ mi ló rà á. Ọjọ́ kejì tó gbé e délé ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ọkọ́ là á lórí, ọkọ́ kan náà tí ọ̀rẹ́ náà ti fi kọ ebè fún un.

Ràímì ni orúkọ ọkọ mi, Sálíù ni ti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n dá wọn ní abẹ́, ilé kéwú kan náà ni wọ́n ti jọ jẹ pàṣán. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ iṣu mọ̀ pé ọwọ́ ẹnì kan kò ká a. Nígbà tí òjò bá ń parí lọ, tí ilẹ̀ kò sì tíì le, kíákíá la gbọ́dọ̀ kọ ebè. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọkùnrin wa fi ń ṣe àáró: lónìí gbogbo ẹgbẹ́ á kọ ebè fún lágbájá, lọ́la wọn á kọ ọ́ fún lámọrín, títí yóò fi kárí. Oúnjẹ nìkan ni ẹni tó ni oko ń pèsè. Kò sí ẹni tó ń sanwó. Apá ni a fi ń san apá, bí ènìyàn bá sì kú láìsan tirẹ̀, ọmọ tàbí ìyekan rẹ̀ ló ń gbé ọkọ́ lọ san án. Èmi kàwé dé kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Tchamba. Mo kọ́ òfin orílẹ̀-èdè yìí lábẹ́ àwòrán Ààrẹ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ṣùgbọ́n n kò rí òfin tó le tó ti àáró nínú ìwé kankan.

Lẹ́yìn ọdún tí ọ̀dá run àgbàdo wa ni àwọn oní-pòròjẹ́, àwọn àjọ tó ń ran òtòṣì lọ́wọ́, dé. Wọn kò kó ìrẹsì wá, wọn kò kó òróró wá. Owó gan-an ni wọ́n ń fi lé àwọn ìyá ọlọ́mọ lọ́wọ́, lábẹ́ igi máńgòrò ilé ìwé, wọ́n sì ní ohun tó bá wu kálukú ni kó fi ṣe. N kò ní í purọ́ mọ́ owó náà. Ó ra oògùn ibà fún ọmọ ọwọ́ mi, ó dá Sàkírù àkọ́bí mi padà sílé ìwé, a sì ń jẹun yó ní àkókò tó jẹ́ pé ẹ̀kọ mímu lásán la mọ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe yan àwọn tí wọ́n ń fún? Òrùlé ni wọ́n wò. Ẹni tó bá fi koríko bolé, òtòṣì ni. Ẹni tó bá kan páànù, ọlọ́rọ̀ ni. Sálíù sì ti kan páànù lọ́dún tó ṣáájú, lẹ́yìn tó ti ń fi owó òwú pa mọ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Ọkọ mi àti ẹgbẹ́ àáró ló gun orí ilé bá a kàn án. Nígbà tí àwọn oní-pòròjẹ́ kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láìdúró, ó rẹ́rìn-ín. "Òrùlé mi ti rojọ́ mi," ló wí. Nàfísà ìyàwó rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń pọnmi, kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín.

Lọ́dún yẹn, oko Ràímì ni ẹgbẹ́ kọ́kọ́ lọ. Ó wá kan ti Sálíù. Ọjọ́ náà gan-an ni ọkọ̀ ẹlẹ́rù ń lọ sí Sokodé, Ràímì sì fẹ́ lọ ra páànù kí owó pòròjẹ́ tí mo gbà tó gba ibòmíràn lọ. Kí ló ṣe? Ó gba alágbàṣe méjì ní Goubi, ó sanwó fún wọn, ó ní kí wọ́n lọ dúró fún òun lóko Sálíù. Lójú tirẹ̀, ó ti ṣe ju àáró lọ: ènìyàn méjì dípò ẹnì kan. Àṣìṣe tó pa á nìyẹn. Sálíù dá àwọn alágbàṣe náà padà.

Lẹ́yìn ìrun mọ̀gàríbà, nígbà tí wọ́n já páànù sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa tí àwọn ará àdúgbò sì péjọ láti wò ó, Sálíù dé.

"Ràímì, ṣé alágbàṣe ni mo ṣe lóko rẹ?"

"Má bínú, ọ̀rẹ́. Ṣé ebè lo fẹ́ ni, àbí o fẹ́ máa wò mí bí mo ṣe ń làágùn?"

"Ìwọ ni mo fẹ́. Ìwọ gan-an, pẹ̀lú ọkọ́ rẹ."

"Ó ti rẹ ọkọ́ mi. Owó ló ń kọ ebè báyìí."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi yọ owó lápò, ó jù ú sórí páànù. "Gbà, fi ra iyọ̀ fún Nàfísà."

Sálíù kò wo owó náà. "O fẹ́ ra ebè," ló wí, "ṣùgbọ́n èmi kò tíì ta tèmi."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó.

Nígbà tí mo gbé oúnjẹ lọ sóko wa ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ràímì ṣáájú mi díẹ̀. A bá Sálíù láàrin oko, ó ń fọ́ ebè. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń fọ́. Àgbẹ̀ gidi mọ ebè ọwọ́ rẹ̀ bí ìyá ṣe mọ igbe ọmọ rẹ̀. Èyí tí òun fúnra rẹ̀ kọ nìkan ló ń tú ká, ó ń fo ti àwọn yòókù. "Apá mi ni mo ń kó lọ sílé," ló wí láìgbójú sókè. Ràímì sáré sí i, ó gbá a létí, ó ta á nípàá. Nígbà tó ṣubú, ọkọ mi gun orí rẹ̀, ó ń bu yẹ̀pẹ̀ ebè, ó ń kì í bọ̀ ọ́ lẹ́nu. "Jẹ ẹ́. Ṣebí tìrẹ ni, jẹ ẹ́." Mo fa ọkọ mi láṣọ títí aṣọ fi ya. Ẹ̀jẹ̀ àti yẹ̀pẹ̀ kún ẹnu Sálíù. Ràímì dìde, ó kẹ̀yìn sí i, ó ń gbọn ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó parí iṣẹ́. Ìgbà náà ni Sálíù na ọwọ́ mú ọkọ́. Mo rí i. Ìró rẹ̀ dà bí ìgbà tí igbá bọ́ sórí òkúta. Lẹ́yìn náà, Sálíù jókòó sílẹ̀, ó gbé orí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lé itan, ó ń pe orúkọ rẹ̀.

A gbé Ràímì sáàrin èmi àti ẹni tó ń wa alùpùpù. Mo fi ìborùn di orí rẹ̀, mo fi ọ̀já ọmọ dè é mọ́ ara mi. Ní ilé ìwòsàn Tchamba, wọ́n ní ká máa gbé e lọ sí Sokodé. Mo ń bá a sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Mo ń sọ yàrá tí a máa kọ́kọ́ kan páànù sí fún un. Bí a ṣe ń wọ Kouloundè, ẹni tó ń wa alùpùpù dẹ eré, ó yíjú padà. "Ìyá, ẹ dákẹ́ díẹ̀," ló wí jẹ́jẹ́. "Ó ti pẹ́ tí kò ti mí mọ́."

Kí n tó gbé òkú délé, Múmúní, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ti kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sílé Sálíù. Wọ́n fa páànù rẹ̀ ya, wọ́n dáná sun ilé náà, Múmúní sì fi ọmọrí odó ṣẹ́ Nàfísà lápá níwájú àwọn ọmọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, àwọn sójà dé. Wọ́n mú Sálíù, ẹni tó ti jókòó dè wọ́n, wọ́n wá da gbogbo ọkùnrin abúlé dojú bolẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò tí a ti ń gba owó, wọ́n fi bẹ́líìtì nà wọ́n títí lèmọ́mù àgbà fi tọ̀ sára. Nàfísà sá lọ bá àwọn ènìyàn rẹ̀ lódìkejì ẹnubodè, nílẹ̀ Benin. Èmi wọlé opó. Owó pòròjẹ́ kò dúró, mo sì ń gbà á. Ọwọ́ tí mo fi di orí ọkọ mi náà ni mo fi ń gbà á, tí mo fi ń bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹni tí ebi kò pa ọmọ rẹ̀ rí ni kó bá mi wí.

Báyìí, Nàfísà ti padà. Sálíù wà lẹ́wọ̀n, oko rẹ̀ ti di igbó, apá ìyàwó rẹ̀ sì jiná ní wíwọ́, kò lè gbé ọkọ́ sókè. Ẹgbẹ́ àáró kò ní í bá a dé ibẹ̀. A pàdé létí kànga lọ́sẹ̀ tó kọjá.

"Ìyá Sàkírù," ló wí, "n kò wá kí ọ kú ọ̀fọ̀."

"Ta ni ì bá jẹ́ kí o wọlé?" ni mo dá a lóhùn. Mo bá a gbé omi rẹ̀ rù. Mo jẹ́wọ́ fún yín, àárò rẹ̀ ń sọ mí ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo bi Múmúní léèrè pé ta ló máa san ọjọ́ àáró tí àbúrò rẹ̀ jẹ Sálíù. "Òkú kì í jẹ àáró," ló wí, òun tó jẹ́ pé òun ló san ti bàbá wọn. Ó wá sún mọ́ mi. "Bí ẹsẹ̀ rẹ bá tẹ oko apànìyàn yẹn, mo máa ṣẹ́ ẹ bí mo ṣe ṣẹ́ apá ọ̀rẹ́ rẹ yẹn, wàá sì fi àwọn ọmọ wa sílẹ̀ kí o tó kúrò nínú ilé yìí." Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ.

Ẹni tó bá fẹ́ fún àgbẹ̀ lówó, kó fún un, nítorí ebi kò dára. Ṣùgbọ́n kí ó tó wo òrùlé rẹ̀, kó kọ́kọ́ béèrè àwọn tó ń bá a kọ ebè. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń gbà á, ẹ má fi rán ẹlòmíràn lọ síbi tó jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín ni wọ́n ń retí.

Obìnrin kì í kọ ebè níbí. Síbẹ̀, mo ti pọ́n ọkọ́ Ràímì, mo fi pamọ́ sẹ́yìn páànù. Ṣé kí n lọ san ọjọ́ kan yìí, kí n sì pàdánù àwọn ọmọ mi? Àbí kí n jókòó, kí Sàkírù dàgbà, kó jogún gbèsè tó pa bàbá rẹ̀? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pẹ́ kí ẹ tó dá mi lóhùn. Òjò ti ń parí lọ, ilẹ̀ kò sì ní í pẹ́ le.