Mo Tẹ̀ Lé Nọ́ọ̀sì Dé Ẹnu Ọ̀nà

Ẹ bá mi fi ọpẹ́ fún Ọlọ́run, ẹ̀yin ará. Òun ló mú mi dúró níwájú yín lónìí. Ẹ má bínú pé inú ìwé ni mo ti ń ka ẹ̀rí mi. Mo gbọ́ tí Màmá Díákónì ní, "Tíṣà, ẹ̀rí kì í ṣe nóòtì kíláàsì o!" Òótọ́ ni, Mà. Ṣùgbọ́n bí mi ò bá kọ ọ́ sílẹ̀, ibi tí mo bá ti dárúkọ ìyàwó mi ni mo máa ti dákẹ́.

Gbogbo yín lẹ mọ Fúnmiláyọ̀. Inú ẹgbẹ́ akọrin yìí ló máa ń jókòó sí, ní ìlà kejì. Ẹ sì ti ń rí i pé láti ìgbà tó ti lọ, bí akọrin bá ti dìde, mo máa ń jáde síta. Ohun tí mi ò sọ fún yín ni pé mi ò sí lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tó kú. Àwọn dókítà ọsibítù ní kí n jáde nínú yàrá kí àwọn lè ráyè ṣiṣẹ́, mo sì dúró síta. Wọn ò ṣe mí níbi, iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe. Ìgbà tí ilẹ̀kùn yàrá yẹn máa fi ṣí, ọ̀rọ̀ ti parí.

Lẹ́yìn náà ni wàhálà dé. Mi ò lè gba iwájú ọsibítù kọjá mọ́. Bí mo bá gbóòórùn oògùn tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀ wọn, àyà mi á máa já. Síbẹ̀, ohun kan ló ń wá sí mi lọ́kàn ṣáá: kí n fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, kí n lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ wo nǹkan! Ẹni tí kò lè dé ẹnu géètì ọsibítù ló fẹ́ máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mo gbàdúrà pé, "Olúwa, bó bá jẹ́ ìwọ lò ń pè mí, ṣílẹ̀kùn. Bó bá jẹ́ ìbànújẹ́ ló ń tì mí, gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀."

Àbúrò Fúnmiláyọ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì n'Íbàdàn, ló gbà mí nímọ̀ràn lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ o. Ẹ wá nọ́ọ̀sì kan tó ń dá yẹ aláìsàn wò, kẹ́ ẹ máa tẹ̀ lé e kiri fúngbà díẹ̀. Ẹ fojú ara yín rí i ná."

Kò rọrùn. Ibi àkọ́kọ́ tí mo dé, ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n rò pé ìjọba ló rán mi wá ṣọ́ wọn. Ibì kejì ní kí n máa lọ, àwọn á pè mí. Wọn ò pè mí títí dòní. Mo ti fẹ́ jáwọ́ nígbà tí Pásítọ̀ wa mú mi lọ sọ́dọ̀ Àláájà Sẹ̀kínátù, nọ́ọ̀sì àgbà tó ń bójú tó ilé ìwòsàn kékeré kan lójú ọ̀nà Sẹkọ́nà. Dókítà ò sí níbẹ̀. Àláájà fúnra wọn ló ń yẹ ènìyàn wò, àwọn ló ń kọ oògùn, àwọn náà ló ń sọ ẹni tó yẹ kó lọ sí ọsibítù ńlá l'Óṣogbo.

Pásítọ̀ ti sọ ìtàn mi fún wọn. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Tíṣà, ṣé ẹ fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì ni, àbí ẹ fẹ́ padà wọ yàrá tí wọ́n ní kẹ́ ẹ jáde nínú ẹ̀?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀, Mà."

Wọ́n ní ó dáa, kí n máa bọ̀ nígbà tí ilé ìwé bá gba ọlidé. Ṣùgbọ́n aláìsàn tó bá ní kí n jáde, kí n jáde láì fajú ro, ohun tí mo bá sì gbọ́ níbẹ̀ kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé mi délé. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí, àwọn tó ni ín ti gbà kí n sọ ọ́.

Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, mo ṣe àṣìṣe: mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Bí mo ṣe wọlé ni gbogbo wọn ń kí mi, "Dókítà, ẹ káàárọ̀ o!" Bàbá kan ti ká ṣòkòtò sókè, ó ń fi orúnkún hàn mí. Àláájà ní, "Tíṣà! Mo ní kẹ́ ẹ wá wo iṣẹ́ mi, ẹ ti gbà á lọ́wọ́ mi!" Lọ́jọ́ kejì, àǹkárá ni mo wọ̀.

Ìyẹn náà ò gbà mí. Ìyá àgbà kan jókòó síwájú Àláájà ní yàrá iwájú, níbi tí òórùn oògùn yẹn kò dé, ó tẹjú mọ́ mi. "Eléyìí ń kọ́? Ṣé òun náà ń ṣàìsàn ni?"

"Ó ń wo bá a ṣe ń ṣiṣẹ́ ni, Ìyá."

"Pẹ̀lú irùngbọ̀n funfun yìí? Kó lọ wò ó níta!"

Mo jáde. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló sì lé mi jáde lẹ́yìn ìyá yìí. Bẹ́ǹṣì gígùn kan wà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọkọ ló máa ń kún orí rẹ̀. Ilẹ̀kùn ni gbogbo wọn ń wò. Mo mọ ìwò yẹn. Bó ṣe di pé mo ń lọ kan ilẹ̀kùn nìyẹn, tí mo ń béèrè pé, "Kí ni mo lè sọ fún ọkọ wọn?" Ohun tí aláìsàn bá ní kí n sọ, òun náà ni mò ń padà wá sọ. Inú yàrá ni mo bẹ Ọlọ́run fún o, orí bẹ́ǹṣì ló ń gbé mi kà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin àgbẹ̀ kan gbé ìyàwó rẹ̀ wá láti ìlú Ara. Oyún inú rẹ̀ ti dàgbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, orí ń fọ́ ọ, ojú rẹ̀ ń ṣú. Àláájà yọjú síta: ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru kọjá ààlà, Òṣogbo ló ń lọ báyìí, mọ́tò ti dé. Ṣùgbọ́n obìnrin náà kò dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní àfi kí ọkọ òun fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún òun.

"Ọkọ ẹ̀ dà? Kó máa bọ̀ kíá!"

Ọkọ kò mira. Ó di bẹ́ǹṣì mú. "Bàbá, ẹ bá mi lọ sọ ọ́ fún un. Bí mo bá wọlé, tó bá kú lójú mi ńkọ́?"

Ẹ̀yin ará, mo dìde. Mo ní, "Ó ń pè ọ́. Èmi, wọn ò pè mí. Dìde, ká jọ lọ."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ilẹ̀kùn yàrá bẹ́ẹ̀dì ṣí, ibi tí mi ò tíì wọ̀ rí, òórùn oògùn yẹn kọlù mí, ó ṣe mí bíi kí n padà. Ṣùgbọ́n ó ti rọ̀ mọ́ ọwọ́ mi, mi ò lè jù ú sílẹ̀. Mò ń pe Jésù lábẹ́ ètè, òun náà ń pe Ọlọ́run bó ṣe mọ̀ ọ́n pè. A wọlé.

Ìyàwó rẹ̀ gbójú sókè. "O ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀? Mo rò pé o ti sá padà sóko ni."

"Mo ti dé. Dìde, jẹ́ ká lọ."

Ó sì dìde.

Mọ́tò wọn ti lọ tán kí n tó mọ̀ pé inú yàrá ni mo ṣì wà, èmi nìkan, níwájú bẹ́ẹ̀dì òfìfo. Mo dúró kí ìbẹ̀rù dé. Kò dé. Mo tẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì náà kó gún, mo rọra jáde.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un l'Óṣogbo. Ìyá yè, ọmọ yè! Ẹ bá mi ké Halelúyà! Ọkọ rẹ̀ gbé iṣu wá fún mi, ó ní iṣu Ara kò lẹ́gbẹ́, mo sì ti jẹ ẹ́, kò parọ́.

Àláájà wá bi mí pé, "Tíṣà, ẹ ti wá mọ̀ báyìí?"

"Yàrá yẹn ni mò ń wá, Mà. Kì í ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì."

"Ọjọ́ tẹ́ ẹ dé ni mo ti mọ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ wá gbà mí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ta ni ì bá bá mi tọ́jú àwọn ọkọ? Wọ́n ń dà mí láàmú ju aláìsàn lọ. Ilé ìwé ti fẹ́ wọlé, àbí? Ẹ máa bọ̀ ní Sátidé."

Nítorí náà, mi ò kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Olùkọ́ ni mo ṣì jẹ́, Sátidé ni ti bẹ́ǹṣì. Àárò Fúnmiláyọ̀ ṣì ń sọ mí, mi ò ní purọ́ nílé Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n Olúwa ti gbà mí lọ́wọ́ ilẹ̀kùn yẹn, tirẹ̀ ni ògo.

Ẹ bá mi yọ̀. Ẹ̀yin akọrin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde, ẹ bá mi kọrin ọpẹ́, èyí tó bá wù yín. Màá lọ jókòó sáàyè mi báyìí. Lónìí, mi ò ní jáde.