Èmi Ni Mo Ha Òrùka Funfun Lára Ìyá Igi Mẹ́ta

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ onígẹdú, ẹ pa ariwo yín tì. Lọ́jọ́ Ẹtì tí ẹ máa jókòó láti pinnu bóyá ọmọ àbúrò mi yóò di akọ̀wé igbó, mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ ó ní ọmọ olè igi ni, ẹ ó ní kí wọ́n gbé ìwé lé e lọ́wọ́ kẹ̀? Irọ́ lẹ ń pa, èmi ni mo sì fi irọ́ náà sí yín lẹ́nu. Lẹ́búlẹ́bú pákó ti ba ẹ̀dọ̀fóró mi jẹ́, dókítà gan-an ò parọ́ tù mí nínú mọ́. Mi ò fẹ́ràn ọ̀pọ̀ nínú yín, ẹ̀yin náà ò fẹ́ràn mi. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ṣe, ẹnu mi lẹ ti máa gbọ́ ọ.

Àwọn ọ̀dọ́ tó wọlé láìpẹ́ lè má mọ bí iṣẹ́ ṣe rí nígbà yẹn. Igi tí a bá fẹ́ gé, èmi ni mo ń fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sí i lára. Bó bá ṣubú, màá kọ nọ́ńbà kan náà sí kùkùté, màá sì kọ ọ́ sí gẹdú tí a gbé kúrò, kí alábẹ̀wò lè mọ kùkùté tí gẹdú kọ̀ọ̀kan ti wá. Àwọn igi ńlá tí a fi sílẹ̀ kí wọ́n máa sọ irúgbìn sílẹ̀, ìyá igi là ń pè wọ́n. Òrùka funfun là ń fi ọ̀dà yà yí wọn ká, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ fi ayùn kàn wọ́n. Nítorí pé a ń pa òfin yìí mọ́ la ṣe ní ìwé-ẹ̀rí, nítorí ìwé-ẹ̀rí náà sì ni àwọn tó wà lókè òkun ṣe ń ra igi wa. Àbúrò mi ni akọ̀wé. Láràárọ̀ ló ń kọ nọ́ńbà tọjọ́ náà sórí ìwé pélébé kan, tó ń nà án sí mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bí mi nínú. Baba wa yọ mí kúrò níléèwé ní kíláàsì kẹrin torí pé mo ti tóbi tó ẹni tó lè di apá kejì ayùn mú. Àbúrò mi kò tóbi, ó dúró síbẹ̀. Èmi náà ni mo kọ́ ọ ní A, B, D, orí lẹ́búlẹ́bú pákó ni mo ti ń fi ìka kọ ọ́ fún un. Nígbà tí a dàgbà, ó di akọ̀wé, mo di ọlọ́dà. Lọ́jọ́ kan àwọn olùrà wá, ọ̀kan nínú wọn na ìwé kan sí mi pé kí n kà á fún àwọn òṣìṣẹ́. Mi ò tíì wúkọ́ tán tí àbúrò mi ti gbà á. Ó ní, "Ẹ mú un wá, ẹ̀gbọ́n mi ò mọ̀wé." Ẹ̀rín sọ. Agégi tí ẹ ń pè ní Ìjì kígbe pé, "Ọlọ́dà, àwòrán ni kí wọ́n máa yà fún yín o!" Nígbà tó yá, àbúrò mi wá bá mi nílé, ó ní èdè òkèèrè ni wọ́n fi kọ ìwé náà, òun ò fẹ́ kí ojú tì mí ni. Bóyá òótọ́ ni. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ òótọ́. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ yẹn sínú, mo ń bọ́ ọ bí ẹni ń bọ́ ajá.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí alábẹ̀wò dé. Lọ́sàn-án gangan, nígbà tí ẹ ti jẹun tán tí ẹ sùn kalẹ̀ sábẹ́ àtíbàbà, mo mú ọ̀bẹ, mo lọ síbi odò, mo ha òrùka funfun lára ìyá igi mẹ́ta. Mo ha á títí èèpo fi ṣẹ̀jẹ̀ oje. Mo kọ 214, 215 àti 216 sí wọn lára, nọ́ńbà igi tí a ti gé, tí a ti gbé lọ. Nígbà tí Ìjì dé ìdí àkọ́kọ́, ó gbé ojú sókè. Ó ní, "Ọlọ́dà, ṣé ìyá igi kọ́ nìyí?" Mo ní, "Ṣé gígé ni iṣẹ́ ẹ àbí ìbéèrè?" Ó gé e. Igi yẹn ju baba mi lọ lọ́jọ́ orí. Ó ṣubú, ilẹ̀ mì, àwọn ẹyẹ fò lọ, inú mi sì dùn. Ẹ má yọ ìyẹn kúrò tí ẹ bá ń ka ìwé yìí síta: inú mi dùn.

Alábẹ̀wò yẹn, obìnrin kúkúrú kan tí kì í rẹ́rìn-ín, rìn dé ibi odò. Kùkùté méjì, nọ́ńbà kan, ìgbà mẹ́ta. Ọgbọ́n àwọn tó ń fi nọ́ńbà igi kan ta igi méjì ni, ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ orúkọ ọmọ rẹ̀. Ó kó gbogbo wa jọ sí ọ́fíìsì, ó yíjú sí mi.

"Bàbá, ta ló fún yín ní nọ́ńbà wọ̀nyí?"

"Akọ̀wé ni."

"Ìwé tó kọ ọ́ sí ńkọ́?"

"Mo ti jù ú nù. Kí lèmi tí mi ò mọ A yàtọ̀ sí àkàbà fẹ́ fi ìwé ṣe? Bí wọ́n bá ṣe yà á fún mi lèmi náà ń yà á."

Ẹ rẹ́rìn-ín. Alága gan-an rẹ́rìn-ín. Ẹ̀sín tó ti ń ta mí lára láti ọdún mọ́kànlá, èmi fúnra mi ni mo wọ̀ ọ́ bí ẹ̀wù lọ́jọ́ yẹn, torí ó wúlò fún mi. Àbúrò mi wò mí. Òun nìkan ló mọ̀ nínú yàrá yẹn pé mo lè kàwé. Gbólóhùn kan péré ló kù kó sọ, iṣẹ́ mi ì bá bọ́, tirẹ̀ ì bá dúró. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rántí dáadáa." Mo ní, "Mo ti rántí." Ó yọ kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì lápò, ó gbé e sórí tábìlì, ó jáde.

Wọ́n gba ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́ wa fún ọdún márùn-ún. Ẹ̀rọ ìlagi dákẹ́. Ẹ̀yin tí ebi pa nígbà yẹn, èmi ni mo pa yín lébi, kì í ṣe òun. Ìjì kọ OLÈ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ fọ̀ ọ́, Ìjì tún un kọ. Mo ń gba ibẹ̀ kọjá, mi ò sọ nǹkan kan. Ọ̀dà mi ni ó fi kọ ọ́.

Ọdún mẹ́jọ rèé, àbúrò mi kò bi mí léèrè rí. Oògùn ikọ́ ló ń gbé wá fún mi. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ń bí mi nínú ju gbogbo rẹ̀ lọ, oògùn yẹn ni. Àbúrò mi wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi báyìí. Ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn ló bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń kọ láti àárọ̀?" Mo na àwọn ojú-ewé tó ti parí sí i. Ó kà á, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ yẹn," ó wí. "Ẹ fà á ya. Wọ́n á máa bú yín nínú sàréè."

"Ọmọ rẹ ńkọ́?"

"Á ríṣẹ́ míì."

"Iṣẹ́ míì kọ́ ló kọ́."

Mo gba ìwé mi padà, mo fi sábẹ́ itan.

Nítorí náà, ẹ fún ọmọ náà níṣẹ́ rẹ̀. Ẹ wá fọ ẹnu yín níwájú baba rẹ̀, pàápàá ìwọ Ìjì. Mo bẹ̀ yín, ẹ forí jì mí. Bí ẹ ò bá lè forí jì mí, ẹ bú mi, ṣùgbọ́n èmi gan-an ni kí ẹ bú. Àbúrò mi tún ti na ọwọ́, ó ní kí n mú ìwé náà wá, kí n jẹ́ kí òun fà á ya. Láti kékeré ni mi ò ti gbọ́ sí i lẹ́nu rí. Mi ò ní gbọ́ tòní náà.